Ẹrù Aṣọ Ọjọ́ Ajé

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlú Ọba, tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà tí gbogbo wa ń pè ní kíà, wọn yóò kọ́ yín bí ẹ ó ṣe gbé arúgbó dìde tí ẹ̀yìn kò fi ní dùn yín. Wọn yóò kọ́ yín bí ẹ ó ṣe fún un lóògùn. Wọn kò ní kọ́ yín ní ìlú tó ti gbé dàgbà. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí ní Liverpool, ọdún méjì àkọ́kọ́ ni mo sì fi tọ́jú àwọn èèyàn tí n kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀.

Màmá kan wà nínú ilé tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àìsàn ìgbàgbé sì ti wọ̀ ọ́ lára débi pé kì í rántí orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ bá ti yípo dé àárọ̀ ọjọ́ kan báyìí, yóò tú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ palẹ̀. Yóò tẹ́ ṣíìtì sílẹ̀, yóò kó aṣọ ìnura àti aṣọ àwọ̀sùn lé e, yóò mú ti ẹlòmíì mọ́ ọn, yóò fa igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin so kókó, ó di ẹnu ọ̀nà. A ó dá a padà. Yóò jà, yóò sunkún. A kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́jú rẹ̀ pé ó fẹ́ sá lọ. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wá kí i ló là mí lójú. Mo ń ṣàlàyé fún un pé a kò mọ ohun tó ń lé màmá jáde. Ó ní, "Ṣé ọjọ́ Ajé ni? Ilé ìfọṣọ ló ń lọ."

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ilé ìfọṣọ yìí. Títí wọ àwọn ọdún 1950, ọ̀pọ̀ ilé tó tò gbọọrọ nítòsí èbúté Liverpool kò ní balùwẹ̀. Ṣáláńgá wà ní ẹ̀yìnkùlé, omi ẹ̀rọ sì jẹ́ omi tútù nìkan. Ọpọ́n páànù ni wọ́n fi ń wẹ̀ níwájú iná èédú, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ọmọ kan yóò jáde, èkejì yóò wọ inú omi kan náà. Ta ni yóò fọ aṣọ èèyàn mẹ́jọ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ nígbà òtútù? Ibo ni yóò sá a sí? Ilé ìfọṣọ ìlú ni wọ́n ń lọ, Liverpool ló sì kọ́kọ́ ṣí irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Frederick Street, ní 1842. Obìnrin tí wọ́n ń dárúkọ mọ́ ọn ni Kitty Wilkinson, ará Ireland tí kò lówó lọ́wọ́. Nígbà tí kọ́lẹ́rà jà ní ìlú náà ní 1832, ó ní agbada ìsemi nínú ilé rẹ̀, ó sì ṣílẹ̀kùn fún àwọn aládùúgbò kí wọ́n wá fọ aṣọ tó ti kan aláìsàn. Ère rẹ̀ wà nínú St George's Hall, gbọ̀ngàn ńlá kan ní àárín ìlú Liverpool, lónìí. Lọ́jọ́ tí ẹ kò bá lọ síbi iṣẹ́, ẹ lọ wò ó.

Nínú ilé ìfọṣọ, obìnrin kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀, pẹ̀lú omi gbígbóná, pákó ìfọṣọ, àti ibi tí a ti ń sá aṣọ sínú ooru. Oòru omi bo gbogbo ilé, ohùn àwọn obìnrin ń dún láti igun dé igun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹni tó bímọ, ẹni tí ọkọ rẹ̀ kò ríṣẹ́, ẹni tí a gbọ́dọ̀ bu oúnjẹ fún. Láti kékeré ni màmá yìí ti ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára jù ni pé orí ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ru ẹrù aṣọ náà. Obìnrin òyìnbó, ní ìgboro Liverpool, pẹ̀lú ìdì aṣọ gàgàrà lórí, tí ń bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀ lọ láìyí ọrùn. Èmi tí ìyá mi ru igi, ru omi, ru ọjà!

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, mo mú ìborùn kan dání. Bí màmá ti di ẹrù rẹ̀ tán, mo ká ìborùn náà bí òṣùká, mo gbé e lé orí ara mi, mo gbé ẹrù náà kà á. Ó wò mí. Ó tún òṣùká náà tò, nítorí pé mo gbé e síwájú jù. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ gba ẹrù lọ́wọ́ mi, ó gbé e lé orí tirẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti tẹ̀ sì nà. Mo di apá rẹ̀ mú, a rìn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé yàrá tí wọ́n ti ń fọṣọ nínú ilé náà. Ó ń pè mí ní "queen", bí àwọn obìnrin àtijọ́ Liverpool ṣe ń pe obìnrin tí wọ́n bá fẹ́ràn. Láti ọjọ́ náà, a kò gbọ́ ẹkún lọ́jọ́ Ajé mọ́.

Kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé arúgbó kan ń ṣe ìránù, ẹ wádìí ọ̀nà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀.

Ẹ má sì béèrè pé, "Báwo ni ìgbà èwe yín ṣe rí?" Ìdáhùn kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: a kò ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n inú wa dùn. Nǹkan kékeré ni kí ẹ fi sí wọn lọ́wọ́. Mo ra tọ́rọ́ àtijọ́ kan lọ́jà, owó ẹyọ pẹ́ńsì mẹ́ta tó ní igun méjìlá, mo fi sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá kan tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ ní 1953. Ó fi àtàǹpàkò tọ igun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì ọdún náà, ọjọ́ tí ìjọba gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí súìtì tí wọ́n ti ń fi ìwọ̀n pín láti ìgbà ogun, tí ọmọdé lè rà á láìmú ìwé ìpín dání. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, àyàfi oṣù díẹ̀ ní 1949, ìwọ̀n ni wọ́n fi ń fún un ní ohun dídùn. Ó sọ ibi tí ìlà àwọn ọmọ dé, ó sọ àwọ̀ ìgò tó wà lórí pẹpẹ. Àwa Yorùbá ní àǹfààní kan níbí. Pẹ́ńsì 240 ló wà nínú pọ́n-ùn kan láyé ìgbà náà, àwa náà sì ná a títí di 1973, ọdún méjì lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó pàápàá ti pa á tì. Tọ́rọ́, sísì, ṣílè ṣì wà lẹ́nu àwọn ìyá wa. Ẹ lò ó.

Nǹkan kan tún wà tí mo ṣe tó dùn mí. Bàbá kan máa ń sọ nípa ọkọ̀ ojú irin orí afárá tó gba etí èbúté kọjá, nǹkan bíi máìlì méje, tí ọmọdé lè ti ojú fèrèsé rẹ̀ wo gbogbo ọkọ̀ òkun. Baba rẹ̀ ń já ẹrù ọkọ̀ Elder Dempster, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun tó ń ná Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nítorí náà orúkọ Lagos àti Àpápá ti wà létí rẹ̀ kó tó rí ọmọ Nàìjíríà rí. Ó mọ òórùn ẹkùrọ́. Ẹkùrọ́ àti epo wa yìí wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ ní Port Sunlight, ní òdìkejì odò Mersey, ọṣẹ tí àwọn ìyá wọn ń rà. Ọjọ́ kan ó ní òun wọ ọkọ̀ náà ní 1960. Mo já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé irin afárá náà ti dípẹtà, owó àtúnṣe kò sí, wọ́n sì ti pa á tì ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kejìlá 1956. Òótọ́ ni mo sọ. Bàbá dákẹ́, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà mọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá ń kọ ìtàn wọn sílẹ̀, ẹ wá ọdún tó tọ́ lẹ́yìn wọn, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Ẹ má já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu wọn.

Ẹ ó gbọ́ pé kò sẹ́ni tó ń ti ilẹ̀kùn, pé gbogbo àdúgbò jẹ́ ọ̀kan. Mo gbà wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n mo tọ́jú bàbá aláwọ̀ dúdú kan pẹ̀lú, tí wọ́n bí sí Liverpool 8, àdúgbò kan nínú ìlú náà, tí baba rẹ̀ jẹ́ atukọ̀ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọmọdé ni nígbà tí èrò kọlu àwọn atukọ̀ dúdú ní ìlú náà ní ọdún 1948. Òun náà rántí iná èédú àti ọpọ́n páànù, ó sì rántí òpópónà tí ìyá rẹ̀ kìlọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ gbà. Ìlú kan náà, ọdún kan náà. Ẹ kọ méjèèjì, kí ẹ má fi ti ẹnì kan pa ti ẹnì kejì rẹ́.

Bí arúgbó bá sì ní kí ẹ mú òun lọ sílé, ẹ mọ̀ pé òpópónà náà lè má sí mọ́. Ìjọba wó àìmọye ilé wọ̀nyẹn, wọ́n kó ìdílé lọ sí Kirkby, ìlú kan lẹ́yìn odi Liverpool, tí èèyàn rẹ̀ kúrò ní nǹkan bí 3,000 ní 1951, tó lé ní 50,000 ní 1961. Máàpù àtijọ́ wà ní ilé ìkàwé ńlá ní William Brown Street. Mo máa ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí a lè jọ fi ìka tọ ọ̀nà ilé.

Ìwé ìtọ́jú màmá yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Mo tọ ọ̀gá mi lọ pé mo fẹ́ tún ohun tí mo kọ kọ. Lábẹ́ ibi tí mo ti kọ pé ó fẹ́ sá lọ, mo kọ ọ́ pé: "Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ ìfọṣọ rẹ̀. Ẹ fún un ní ìborùn tí yóò ká sórí. Ẹ bá a rìn."