Ẹ dín Gain kù kí ẹ tó ra sítíárìn tuntun

Iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe ní Leeds. Àwọn tó mọ̀ mí máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹni tó ti wa ọkọ̀ látàárọ̀, kí ló tún ń wá nídìí sítíárìn géèmù lálẹ́? Ohun tó fà á ni pé sítíárìn bọ́ọ̀sì kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀. Páwà inú rẹ̀ ti bá wa ṣe gbogbo iṣẹ́ tán. Òjò rọ̀ o, títì gbẹ o, bákan náà ló ṣe máa ń rí lọ́wọ́. Èyí tí mo dè mọ́ tábìlì nílé ló ń sọ ohun tí táyà ń ṣe fún mi, bí a bá ti ṣètò rẹ̀ dáadáa.

Ètò yẹn ni mo fẹ́ sọ lónìí, pàápàá Gain, ìyẹn ibi tí a ti ń sọ bí sítíárìn ṣe máa fà le tó. Àbúrò ìyàwó mi ní Ìbàdàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ra sítíárìn géèmù Logitech G29 tòkunbọ̀, ó sì pè mí lórí WhatsApp: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbé Gain dé ọgọ́rùn-ún, apá ti fẹ́ ya mọ́ mi lára, síbẹ̀ mi ò kì í mọ ìgbà tí iwájú mọ́tò fẹ́ yọ̀. Àbí kí n kúkú tà á, kí n wá direct drive ra?" Mo ní rárá o, kò nílò direct drive, ìyẹn sítíárìn tí ẹ̀rọ iná rẹ̀ ń yí i tààrà láìsí gíà láàárín. Gain tó gbé dé ọgọ́rùn-ún yẹn gan-an ni kò jẹ́ kó mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìdí. Bí mọ́tò bá ń wọ kọ́nà, táyà iwájú máa ń lọ́ níbi tó ti kan títì. Agbára tó ń ti mọ́tò sínú kọ́nà kì í gba àárín ibi tó kan títì yẹn gan-an, apá ẹ̀yìn díẹ̀ ló ń gbà. Ìdí nìyẹn tí táyà fi máa ń fẹ́ padà sójú ọ̀nà tààrà, tí sítíárìn á sì máa fà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá ṣe ń yí i sí i ni yóò máa fà sí i, àmọ́ ó níbi tó ń mọ. Kí táyà tó jáwọ́ lára títì, fífà yẹn á ti kọ́kọ́ dínkù, sítíárìn á fúyẹ́ díẹ̀. Fífúyẹ́ díẹ̀ yẹn ni olórí ohun tí mò ń wá nínú force feedback (FFB), ìyẹn bí géèmù ṣe ń mú kí sítíárìn fa ọwọ́ wa. Ọwọ́ á ti gbọ́ kí ojú tó rí i.

G29 kò sì lágbára tó bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ ló fi ju 2 Nm lọ (Nm ni wọ́n fi ń wọn agbára yíyí), nígbà tí àwọn direct drive kéékèèké ń bẹ̀rẹ̀ láti bíi 4 Nm. Géèmù ló ń ṣírò bí sítíárìn ṣe yẹ kó fà tó, tó ń fi iye rẹ̀ ránṣẹ́. Bí ìṣirò bá gbé 130 jáde, 100 ni sítíárìn lè ṣe. Bó di 150, 100 náà ni. Bó tún wálẹ̀ láti 150 sí 110 torí pé táyà ti fẹ́ jáwọ́, 100 náà ṣì ni! Clipping ni wọ́n ń pè é. Sítíárìn á kàn le gbagidi, bí ẹni tó ń pariwo láti ìbẹ̀rẹ̀ ìjà títí dé òpin, tí èèyàn ò lè mọ ibi tó ti dùn ún jù.

Assetto Corsa ni mo fi ń dán tèmi wò. Kò tuntun mọ́, 2014 ni Kunos Simulazioni ti Ítálì gbé e jáde, àmọ́ ohun tó ń fi ránṣẹ́ sí sítíárìn ṣì mọ́ lójú mi ju ti ọ̀pọ̀ géèmù tó dé lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Kí ẹ tó wọ inú rẹ̀, ẹ lọ sí G HUB, app Logitech tí a fi ń ṣètò sítíárìn, ẹ fi Operating Range (bí sítíárìn ṣe lè yí tó) sí 900, kí ẹ sì pa Centering Spring. Ńṣe ni spring yẹn ń fa sítíárìn padà sáàárín láìbìkítà nípa ohun tí táyà ń ṣe. Irọ́ pátápátá ló ń pa fún yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú Mazda MX-5 lọ sí pápá eré ìje Brands Hatch, kí ẹ ṣí app tí wọ́n ń pè ní Pedals. Ọ̀pá FFB wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bíréèkì; bí clipping bá ti dé, á pọ́n. Kọ́nà àkọ́kọ́, Paddock Hill Bend, ni ilé ẹ̀kọ́ tèmi. Ọwọ́ ọ̀tún ni, ẹ ó ti máa yí i kí ẹ tó rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ á já wálẹ̀ lójijì. Lórí òkè yẹn, mọ́tò fúyẹ́. Nínú kòtò ìsàlẹ̀, gbogbo ìwúwo rẹ̀ á wá jókòó lé táyà lórí kó tó tún máa gun òkè lọ sí Druids, kọ́nà tó tẹ̀ lé e. Ní Gain 100, ọ̀pá mi pọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo wá ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, títí tó fi jẹ́ pé inú kòtò nìkan ló ti ń ṣẹ́jú pupa. Nǹkan bíi 70 ni tèmi dúró sí. Ọwọ́ mi fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lórí òkè níbi tí iwájú ti máa ń fẹ́ yọ̀, mo ń gbọ́ ọ kedere.

Mọ́tò kan ò dà bí èkejì o. Mọ́tò eré ìje GT3 tí atẹ́gùn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí eré á fà ju MX-5 lọ. Ẹ má tìtorí ìyẹn padà sídìí Gain gbogbogbò. Bọ́tìnnì + àti - tó wà lápá nọ́ńbà kíbọ́ọ̀dù ń yí ti mọ́tò tẹ́ ẹ wà nínú rẹ̀ nìkan.

Ní ti Kerb, Road àti Slip effects, ìyẹn gbígbọ̀n etí títì, ti ojú títì àti ti táyà tó ń yọ̀, àfikún lásán ni wọ́n, inú 2 Nm kékeré yẹn náà ni wọ́n sì ti ń jẹun. Mo ti pa Slip àti Road. Kerb ṣẹ́ kù díẹ̀, torí eyín gíà ló wà nínú G29, bó bá ti gun etí títì lóru, kàràkàrà rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ ará ìsàlẹ̀ wa.

Gíà yìí kan náà ló fà á tí àárín sítíárìn fi máa ń kú lójú ọ̀nà tààrà: agbára kékeré kò lè yí i. Minimum Force, ìyẹn agbára tó kéré jù tí géèmù lè fi ránṣẹ́, ni oògùn rẹ̀. Ẹ máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí àárín á fi jí, kí ẹ dúró kí sítíárìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í mì fúnra rẹ̀. Àwọn kan fẹ́ràn kí wọ́n fi app WheelCheck wọn sítíárìn wọn, kí wọ́n sì fi app LUT Generator ṣe fáìlì LUT fún un, ìyẹn àtòjọ tó ń sọ fún géèmù iye agbára tó yẹ kó fi ránṣẹ́. Ó dáa gan-an, mo ti lò ó. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá lo LUT, ẹ dá Minimum Force padà sí 0. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe, tí wọ́n bá sì pàdé, sítíárìn á máa jà sọ́tùn-ún sósì lọ́wọ́ yín lójú ọ̀nà tó tọ́.