Ẹ Pe Oníṣẹ́-Ọnà Kí Ẹ Tó Ya Àwòrán Ilé Tán

Nígbàkigbà tí yunifásítì kan bá fẹ́ kọ́ ilé tuntun mọ́ ilé àtijọ́ tí òfin ń dáàbò bò, ẹnìkan máa ń dábàá nínú ìgbìmọ̀ pé ó yẹ kí iṣẹ́ ọnà kan wà níbẹ̀ tí tẹrú-tọmọ yóò máa rí, gbogbo ìgbìmọ̀ a sì fọwọ́ sí i. Ohun tí wọn kì í tètè fọwọ́ sí ni pé kí a wá oníṣẹ́-ọnà náà kí ayàwòrán-ilé tó parí iṣẹ́ tirẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó di ìgbà tí ilé bá ti dúró, tí owó sì ti ń tán lọ, kí wọ́n tó máa wá ẹni tí yóò gbé nǹkan kọ́ sí ògiri tó ṣẹ́kù. Nígbà náà, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Wáyà iná àti ilẹ̀kùn àbájáde ti gba ibi tó dára jù lọ, iṣẹ́ ọnà sì di ohun tí a fi ń dí àlàfo.

Kì í ṣe àìsí owó ló ń fà á. Láti ọdún 1951 ni ilẹ̀ Faransé ti ń ya ìdá 1 nínú 100 owó tí wọ́n fi ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ọnà. Ìlú Philadelphia ṣe òfin tó jọ ọ́ ní 1959, ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà sì ṣe tirẹ̀ ní 1974. Ìdajì ìdá 1 nínú 100 ni ti Washington, ó sì kan àwọn yunifásítì ìjọba. Owó lè wà nílẹ̀ kí a sì ná an nígbà tí kò lè ṣe ohun tó yẹ kó ṣe mọ́.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni ti Aula Magna, gbọ̀ngàn ńlá tó wà ní yunifásítì àgbà ìlú Caracas ní Venezuela. Carlos Raúl Villanueva ló ya ilé náà, ó sì ké sí Alexander Calder, ará Amẹ́ríkà tí a mọ̀ mọ́ àwọn ère tí ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ nínú afẹ́fẹ́, pé kó wá bá òun ṣe iṣẹ́ kan. Ìta ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé iṣẹ́ náà yóò wà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ya gbọ̀ngàn náà kò ní jẹ́ kí ohùn rìn geere nínú rẹ̀, àwọn onímọ̀ nípa ohùn sì dábàá pé kí iṣẹ́ Calder wọlé. Báyìí ni àwọn pátákó ńláńlá aláwọ̀ mèremère, tí wọ́n ń pè ní ìkùukùu Calder, ṣe dé òkè àjà àti ara ògiri gbọ̀ngàn náà ní 1953, tí wọ́n ń tún ohùn darí sí etí ẹni tó jókòó nísàlẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá yọ iṣẹ́ ọnà yẹn kúrò lónìí, kì í ṣe ẹwà nìkan ni gbọ̀ngàn náà yóò pàdánù. Irú àṣeyọrí bẹ́ẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ ká ní ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n ti kun ilé tán ni wọ́n ránṣẹ́ sí Calder.

Òótọ́ ni pé ilé tuntun pátápátá ni ti Caracas. Àfikún ilé àtijọ́ tún gba ìfarabalẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà ìjọba àpapọ̀ fún títún ilé àtijọ́ ṣe sọ pé ohun tí a bá fi kún un gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti àtijọ́, síbẹ̀ kí ó bá a mu ní ìwọ̀n àti ní ìrísí. Ó tún sọ pé bí a bá wó àfikún náà lọ́jọ́ iwájú, ilé àtijọ́ gbọ́dọ̀ ṣì wà ní pípé. Ayàwòrán-ilé ni wọ́n sábà máa ń ka ìlànà yìí fún, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ó yẹ kí ó wà lọ́wọ́ oníṣẹ́-ọnà láti ọjọ́ kìíní.

Ibi tó ṣe kókó jù ni ojú ìsopọ̀, níbi tí ògiri tó ti jẹ́ ti ìta tẹ́lẹ̀ ti di ògiri inú ilé lábẹ́ òrùlé gíláàsì tuntun. Ẹ dúró níwájú irú ògiri bẹ́ẹ̀ kí ẹ wò ó. Ẹ ó rí ipa ibi tí omi òjò ti ń ṣàn wálẹ̀ láti ẹnu fèrèsé fún ọdún púpọ̀, ẹ ó rí bíríkì tí igun rẹ̀ ti fọ́, àti èyí tí wọ́n pààrọ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ kò bá ti àwọn yòókù mu. Iṣẹ́ ọnà tó bá bo gbogbo èyí mọ́lẹ̀ ti ṣe àṣìṣe ńlá, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Ara òpó ilé tuntun ni ó yẹ kí a gbé e kọ́, kí ilé àtijọ́ má bàa ru ẹrù tí a kò kọ́ ọ fún. Bí ó bá di dandan kí a fi nǹkan kan ògiri àtijọ́, àárín bíríkì méjì, níbi tí àpòrọ́ wà, ni kí a lu ihò sí, nítorí pé àpòrọ́ ṣeé tún rẹ́, bíríkì tó bá ti là kò ṣeé dá padà. Irin tí kì í dípẹtà sì ni kí a lò. Irin lásán máa ń wú bí ó bá ti dípẹtà, yóò sì fọ́ bíríkì náà láti inú wá.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí yóò máa gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ní 1981, wọ́n gbé iṣẹ́ kan tí Richard Serra, oníṣẹ́-ọnà ará Amẹ́ríkà, ṣe, ògiri irin tó tẹ̀ tí gígùn rẹ̀ tó 120 ẹsẹ̀ bàtà, kalẹ̀ sí gbàgede ilé iṣẹ́ ìjọba kan ní New York. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ṣàròyé pé ó dí àwọn lọ́nà, ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́, wọ́n sì gé irin náà sí mẹ́ta kó o lọ ní 1989. Serra sọ pé torí ibẹ̀ gan-an ni òun ṣe ṣe é, pé kíkó o kúrò ni bíba á jẹ́. Mo gbà pé òtítọ́ ni ó sọ, mo sì gbà pé àwọn òṣìṣẹ́ náà ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n bá àwọn méjèèjì sọ kí irin náà tó dé ni wọ́n ń sọ nígbà tó ti dé. Ní yunifásítì, èyí túmọ̀ sí pé kí akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àti ẹni tó ń gbálẹ̀ rí àwòrán iṣẹ́ náà nígbà tí ó ṣì ṣeé yí padà.

Àdéhùn láàárín yunifásítì àti oníṣẹ́-ọnà náà ṣe pàtàkì. Òfin Amẹ́ríkà ti 1990 tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà wo bóyá iṣẹ́ tó wà lára ilé ṣeé yọ láìbà á jẹ́. Nítorí náà, ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kedere, kí oníṣẹ́-ọnà tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí yunifásítì bá fẹ́ tún ilé náà ṣe.

Lẹ́yìn náà ni ìtọ́jú. Nígbà tí Juan O'Gorman, oníṣẹ́-ọnà ará Mexico, fẹ́ fi àwòrán bo ara ilé ìkàwé yunifásítì UNAM ní Mexico, òkúta tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti àbínibí ni ó kó jọ láti àgbègbè orílẹ̀-èdè náà, kí oòrùn má bàa pa àwọ̀ rẹ̀ rẹ́ bí yóò ti pa ọ̀dà rẹ́. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ń kọ ìkéde tí a fi ń wá oníṣẹ́-ọnà, mo máa ní kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ náà kọ ìwé ìtọ́jú mọ́ àwòrán tí wọ́n bá mú wá: irú omi tí a ó fi máa nù ún, ẹni tí yóò gun àkàsọ̀ lọ pààrọ̀ gílóòbù rẹ̀, àti apá ilé ẹ̀kọ́ tí owó rẹ̀ yóò ti máa jáde lọ́dọọdún.