Ojú Ẹ̀ga Kò Gba Ẹyin Àjèjì

Ẹ̀ga ń pariwo lórí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀ yìí, mo dúró ń wo ìtẹ́ wọn, torí iṣẹ́ tí ojú ń ṣe níbẹ̀ jọ mí lójú gan-an. Sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ àwọ̀ jẹ́ irú 3 nínú ojú èèyàn. Ti ẹyẹ jẹ́ 4, ẹ̀kẹrin yẹn sì ń rí ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò lè rí.

Abo ẹ̀ga kì í yí àwọ̀ ẹyin rẹ̀ padà. Bó bá jẹ́ funfun, tàbí aláwọ̀ ojú ọ̀run tó ní àmì pupa rúsúrúsú, bẹ́ẹ̀ ni títí ayé rẹ̀. Ti aládùúgbò rẹ̀ lè yàtọ̀ pátápátá. Tí Diederik cuckoo, ẹyẹ tó máa ń yé ẹyin sínú ìtẹ́ ẹyẹ mìíràn, bá wá yé tirẹ̀ sínú ìtẹ́ ẹ̀ga, tí àwọ̀ ẹyin yẹn kò bá bá ti ẹ̀ga mu, ẹ̀ga á jù ú síta.

Wọ́n kó ẹ̀ga láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Hispaniola, erékùṣù tí Haiti àti Dominican Republic wà, ní ohun tó lé ní 200 ọdún sẹ́yìn. Kò sí Diederik níbẹ̀ tí ẹ̀ga á máa ṣọ́ ẹyin rẹ̀. Ìwádìí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì David Lahti ní 2005 fi hàn pé ẹyin abo kan ṣoṣo kò jọra wọn mọ́ tó ti Áfíríkà, ìyàtọ̀ láàárín abo kan sí èkejì sì ti dínkù.

Ẹ má fi fótò fóònù wé ẹyin o: kámẹ́rà rẹ̀ kì í gba ìmọ́lẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì kẹrin ojú ẹyẹ ń rí wọlé.