Kí ni kí n fi dé ehín yìí?

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Dókítà ti parí iṣẹ́ inú gbòǹgbò ehín náà. Ó fọ inú rẹ̀, ó dí i, ó sì fi ohun onígbà díẹ̀ bo ojú rẹ̀. Ìrora ti lọ. Ìpinnu ló kù.

Bàbá Tóyìn ti ní kí n yọ ọ́ dànù láti ìbẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀yìn pátápátá ló wà, ta ni yóò rí i?" Àmọ́ bí àlàfo bá wà níbẹ̀, àwọn ehín ẹ̀gbẹ́ á máa fì sí i, ti òkè á sì máa sọ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n fi ehín àtọwọ́dá dí i, wọ́n á fá ehín méjì tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó rí ibi gbé e lé. Ti irin tí wọ́n ń rì mọ́ egungun àgbọ̀n ń gba oṣù mélòó kan, owó rẹ̀ sì kọjá agbára mi.

Nítorí náà, a ó dé e, bí ìgbà tí èèyàn dé fìlà. Èyí tó kù lára ehín náà tinrin. Eegun kan péré lè là á dé gbòǹgbò.

Dókítà kó àpẹẹrẹ kalẹ̀: irin lásán, tánganran tó ní irin nísàlẹ̀, zirconia funfun, ohun líle kan tó jọ tánganran. Ó tún dárúkọ wúrà. Ẹ̀rín pa mí! Nígbà tí mo délé tí mo sọ fún Màmá mi, wọ́n ní, "Wúrà kẹ̀? Ìgbà wo lo lọ Mẹ́kà?" Àwọn Alhaja àdúgbò wa nígbà náà, bí wọ́n bá ti Hájì dé, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń kí èèyàn, kí ehín wúrà lè yọ. Ehín tí kò ṣe nǹkankan lòmíràn nínú wọn dé! Síbẹ̀, dókítà ní wúrà dára gan-an: kì í fọ́, kì í sì í jẹ ehín tó kọjú sí i. Ṣùgbọ́n ta ló lè sún mọ́ wúrà lásìkò yìí?

Mo máa ń payínkeke lójú oorun, tánganran lè bó lára irin rẹ̀. Zirconia lágbára, ó sì rẹwà, àmọ́ ẹwà wo ni mo ń wá lẹ́yìn ẹnu? Bàbá Tóyìn ti dáhùn ìyẹn. Irin lásán ni mo mú. Díẹ̀ ni wọ́n máa fá lára ehín nítorí rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa wọn ọ́n. Títí dìgbà náà, apá ọ̀tún ni mo fi ń jẹun, ẹran sì ti di ti àwọn ọmọ.