Ìkòkò Alhaja

Ọjọ́bọ̀, Ìlọrin. Ilé ti dákẹ́, iná sì wà. Ẹ jẹ́ kí n kọ èyí kí oorun tó gbé mi.

Alhaja kan wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Taiwo Road lónìí. Òkèlélé ló ti wá, lápá Dada níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá wa rajà. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó ṣàdúrà fún mi, ó wá na fóònù rẹ̀ sí mi.

"Ọmọ mi, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ-ọmọ mi ló kà á. Fáànù yẹn ni mo wá rà."

Èmi ni mo kọ àtẹ̀jíṣẹ́ náà lánàá: "Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n, ẹ̀dínwó ti dé! Fáànù ₦46,000 ti di ₦39,000 péré. Ẹ tètè wá kó tó tán."

₦46,000 wà lára fáànù náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yìí la lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Títí di Sátidé, ₦38,000 là ń tà á. A fi ₦1,000 kún owó ọjà, a sì ní kí wọ́n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Ojú máa ń di nọ́ńbà àkọ́kọ́ mú: tó bá ti rí mẹ́rin tó di mẹ́ta, kì í fẹ́ wo ìyókù. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mò ń kọ ọ́.

Alhaja tú etí ìró rẹ̀, ó ń ka owó. Ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan ni, ó wé e sínú ọ̀rá, òórùn èéfín wà lára rẹ̀. Amọ̀ ti gbẹ sábẹ́ èékánná rẹ̀. Mo bi í báwo ni ọjà. Ó ní ọjà ń lọ díẹ̀díẹ̀. "Ẹni tó bá fẹ́ ra ìkòkò, màá fi ìka kàn án létí rẹ̀. Bó bá dún gooro, kó gbé e. Bó bá dún pàkà, ó ti sán nìyẹn, màá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́." Ó fi ìka kan tábìlì mi bó ṣe ń sọ ọ́.

Mi ò lè gba owó náà. Mo ní, "Ẹ̀yin Alhaja, ₦38,000 là ń tà á lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Ó wò mí. "Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni mà."

Kò bínú. Ì bá bínú, ì bá sàn fún mi. Ó ní ooru kò jẹ́ kí òun sùn, ó san ₦39,000, ó sì ní kí wọ́n bá òun gbé e dé ìdí kẹ̀kẹ́.

Ìpolówó ni àgúnmu òwò, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìyẹn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí a bá gbọ́ "Láńgbé jinná o!", a ó sáré jáde. Ẹni tó ń polówó náà ló gbé igbá àgbàdo lórí. Bí kò bá jinná, ojú rẹ̀ la ó ti dá a padà. Àtẹ̀jíṣẹ́ tèmi kò lójú. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí a ń fi ránṣẹ́ nígbà tí ọjà bá pẹ́: "Ẹ ní sùúrù, a ń ṣiṣẹ́ lé e lórí." Ta ló ń ṣiṣẹ́ lé e? Ọjọ́ wo ni yóò dé? Àwa tí a kọ ọ́ gan-an kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni lójú wa, ṣùgbọ́n ẹni tó ti sanwó fún fíríìjì, tí ẹran rẹ̀ ń bàjẹ́, kò rí ọ̀wọ̀ kankan níbẹ̀.

Ọwọ́ ọ̀gá mi ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí. Òun ló kọ́ mi pé kí n kí ènìyàn kí n tó sọ ohun tí mo fẹ́, kí n sì pe orúkọ wọn dáadáa. Mi ò ní gbàgbé. Ìdí nìyẹn tí ó fi ṣòro fún mi láti bá a sọ ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, mo kọ òmíràn sórí ìwé:

"Ẹ kú ooru o. ₦38,000 la ń ta fáànù yìí tẹ́lẹ̀. ₦39,000 ni báyìí. Bí ẹ bá rà á, a ó gbé e wá sílé fún yín láàárín Ìlọrin lọ́fẹ̀ẹ́."

Ọ̀gá kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ta ni yóò wá bí a bá kọ ọ́ báyìí?" Mo sọ ti Alhaja fún un, mo sì rán an létí pé òfin ọdún 2018 tó dá FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀ kò fàyè gba kí oníṣòwò fi iye ọjà ṣi oníbàárà lọ́nà. Ó ní gbogbo àdúgbò ló ń ṣe é. Mo dákẹ́. Ó ní kí n fi ìwé náà sílẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ lọ ilé ní aago mẹ́fà, mo wọlé lọ kí i pé ó dàárọ̀. Ìwé náà ṣì wà níwájú rẹ̀. Ó ti fi bírò fàlà sábẹ́ ₦38,000.