Ọfà níbi tó yẹ kó wà

Iṣẹ́ pátákó ìtọ́nà ilé ìwòsàn ni mò ń ṣe. Ẹni tí ara ń ro kì í ráyè ka ìwé gígùn; ọfà ló ń wá. Oríta ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, níbi tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti pín sí méjì, tí èèyàn á dúró, á wòtún, á wòsì. Ibẹ̀ gan-an ni kí ọfà wà. Kí a sì kọ “Ibi tí a ti ń gba ẹ̀jẹ̀”, ó parí.

Ṣé a lè fi àwọ̀ pupa ṣe ọfà náà ńkọ́? Ohun èlò panápaná àti àmì èèwọ̀ ló ni ín nínú ISO 7010, ìlànà àgbáyé lórí àmì ààbò. Àwọ̀ ewé ni ti ọ̀nà àbájáde pàjáwìrì.

Pátákó tó ń dán ni mo kórìíra jù (àwọn oníbàárà sì fẹ́ràn rẹ̀!): iná á tàn sí i, ọ̀rọ̀ á pòórá.