Ìṣẹ́jú àáyá méjì péré

Nínú gbogbo àwòrán tó wà nínú kọ̀ǹpútà mi, ìlà págunpàgun kan ló wù mí jù. Sátẹ́láìtì Fermi, tó ń ṣọ́ ìtànṣán gámà (ìmọ́lẹ̀ tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù lọ) láti òkè ayé, ló rán an wá ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ, ọdún 2017. Òkè kékeré kan yọrí láàárín ariwo, ó sì rọlẹ̀. Kò ju bí ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ.

Ìbúgbàù ìtànṣán gámà kúkúrú ni, GRB 170817A. Kò lágbára rárá. Ká ní òun nìkan ló wá ni, bóyá ni ẹnikẹ́ni ìbá bìkítà fún un. Àmọ́ ìràwọ̀ neutron méjì, ìyẹn òkú ìràwọ̀ tó kéré àmọ́ tó ki gan-an, ti kọlu ara wọn, LIGO àti Virgo, àwọn ẹ̀rọ orí ilẹ̀ tó ń gba ìgbì gravity (ìgbì tó ń mi òfuurufú fúnra rẹ̀), sì ti gba ìgbì wọn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1.7 ṣáájú. Sátẹ́láìtì INTEGRAL náà rí ìtànṣán ọ̀hún.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni bí Fermi ṣe ń mọ ibi tí irú nǹkan báyìí ti wá. Ẹ̀rọ GBM tó wà lára rẹ̀ kò ní dígí kankan tó fi ń kó ìtànṣán jọ. Ojú 12 tó wà fún ìtànṣán tí agbára wọn kò pọ̀ jù kọjú síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó bá gbà á jù ló ń júwe ọ̀nà. Ọgbọ́n ọ̀hún ò le, àbí? Ṣùgbọ́n gbàgede ńlá ló máa ń tọ́ka sí lójú ọ̀run. LIGO àti Virgo ló dín in kù, kí awò awọ̀nàjíjìn Swope ní Chile tó rí ìmọ́lẹ̀ ìkọlù náà nínú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ NGC 4993, tó jìnnà sí wa tó nǹkan bí 130 mílíọ̀nù ọdún ìrìn ìmọ́lẹ̀.